Àga Tonton Anago

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2003, nígbà ààwẹ̀, àlùfáà tó yẹ kó ṣe wáàsí lórí tẹlifíṣàn ní Bouaké kò dé. Àwọn sójà ọlọ́tẹ̀ dá a dúró ní kọ̀rídọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé. Aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ ti lù. Kámẹ́rà ti tàn. Kò sí nǹkan kan lórí àga tí àlùfáà ì bá jókòó sí àfi ìrọ̀rí pupa kan, gbogbo ìlú tó ń retí sààrì sì ń wo ìrọ̀rí náà.

Abdoul ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Fídíò ìgbéyàwó ló ń yà kí ogun tó dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹni kan ṣoṣo tó rí ni Jonas Bánjọ, tó máa ń ka ìkéde lálaalẹ́: ẹni tó kú, ẹni tó sọ nǹkan nù, àdúgbò tí omi yóò dé.

"Wọlé lọ jókòó."

"Kí n wí kí ni, ẹ̀gbọ́n? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni mí."

"Mo ní kí o ṣe wáàsí ni? Sọ ohunkóhun. Ìrọ̀rí ni wọ́n ń wò!"

Jonas jókòó. Ìwé ìkéde ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ewé kan péré. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi kà á tán. Abdoul ń fọwọ́ yí atẹ́gùn lẹ́yìn kámẹ́rà pé kó máa bá a lọ, ló bá tún un kà láti òkè, ó wá ń fi tirẹ̀ kún un.

"Ọkùnrin kan sọ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ nù ní Broukro. Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa wá a. Láti ọjọ́ tí káàdì ti sọ nù, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà sì ti ń ṣiyèméjì. Omi yóò dé Belleville láago mẹ́ta òru. Àlejò pàtàkì ni. Ẹ rí i pé ẹ wẹ̀ kí ẹ tó lọ pàdé rẹ̀. Báǹkì kò tíì ṣí. Ẹgbẹ́ àwọn olè ní bí kò bá ṣí láìpẹ́, àwọn yóò kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba ní Abidjan."

Ẹni tó di kámẹ́rà mú, Sùlè, ọmọ Senufo láti Korhogo, rẹ́rìn-ín títí àwòrán fi ń mì. Àwọn ará ilé lọ́hùn-ún rí i tó ń mì, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rín ló fà á, àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Jonas kò lè tajà nítorí àwọn tó ń wá kí i.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abdoul fún un ní orúkọ Faransé kan tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, ó sì fún Jonas ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àbọ̀ sí mọ́kànlá àbọ̀. Ààwẹ̀ parí, ètò kò parí. Kó tó di oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọdé kò pè é ní Jonas mọ́. Tonton Anago ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí èèyàn bá ní Bọ̀ọ̀dá Anago, nítorí Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀.

Bouaké ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1971. Bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta àwo tánganran níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí nígbà tí Jonas wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Jonas fi ilé ẹ̀kọ́ ojú ọ̀sán sílẹ̀. Ó ń ru ẹrù lọ́jà lọ́sàn-án, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ọdún márùn-ún gbáko, kó tó gba ìwé ẹ̀rí tó sọ ọ́ di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ òwú kan. Nígbà tí ogun dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tí ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn, kò ṣí i mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni òun àti ìyá rẹ̀ fi jẹ attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ ẹja níbẹ̀, láìfojú kan ẹja. Ó mọ iye ọjọ́ náà nítorí ó ń kà wọ́n.

Ní ilẹ̀ yẹn, àdéhùn ìgbà ìwáṣẹ̀ kan wà láàárín àwọn ẹ̀yà. Tukpè ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yà méjì tí tukpè bá so pọ̀ lè bú ara wọn níbikíbi, lójú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín sì ni ẹni tí wọ́n bú gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Bó bá bínú, òun lojú yóò tì. Senufo lè pe Yacouba ní ẹrú òun, kí Yacouba náà pe Senufo bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà nínú wàhálà lọ́dọ̀ Yacouba, tí Senufo wá bẹ̀bẹ̀ fún un, Yacouba kò gbọdọ̀ kọ̀. Àwọn Dioula náà ní tiwọn: ọmọ Traoré lè bú ọmọ Koné.

Yorùbá kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dá àdéhùn náà, àwọn baba ńlá Jonas wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ọ̀nà tí Jonas gbà ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Òun ló ń kọ gbogbo yẹ̀yẹ́, láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀, lórí ìwé tí ó fi rúlà pín sí ọ̀nà méjì: ẹni tí a ó bú, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bú u. Bí ó bá fẹ́ fi olóyè ọjà kan tó ń jẹ́ Koné ṣe ẹlẹ́yà, á wá Traoré kan láti àdúgbò tí yóò wá sọ ọ́. Kọ̀máńdà Droh, ọ̀gá kan láàárín àwọn ọlọ́tẹ̀, ló wà lójú àwọn èèyàn jù, nítorí apá ìlú tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn wà àti ọ̀nà Botro wà lábẹ́ rẹ̀. Yacouba ni. Nítorí náà, Sùlè ló ń bú u. Sùlè á gbé kámẹ́rà fún Abdoul, á wá jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Jonas, á kọjú sí gbogbo ìlú.

"Kọ̀máńdà, ẹrú mi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Iṣu méjì ni bàbá mi fi ra bàbá rẹ. Títí ó fi kú, iṣu kejì ń dùn ún."

Lọ́jọ́ kejì, Droh á fi páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ránṣẹ́: "Ẹ gbé e fún olówó mi, kó má baà tà mí."

Ẹnì kan ṣoṣo tí Jonas fúnra rẹ̀ lè fẹnu ara rẹ̀ bú ni Anago. Ó sì ń bú u. "Ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún, gbogbo èèyàn ń wá ọ̀nà tí wọn á gbà sá. Ìyá mi ń wò ó bóyá ẹni tó ń yìnbọn á ra ìkòkò." Ìlú á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, bí Jonas bá gun mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, alùpùpù kékeré kan, kọjá lọ́jà, iṣu kejì ni gbogbo ẹnu ń sọ. "Sùlè ò dáa o! Níbo ni Sùlè ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí?" Jonas á gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín, á tẹ mobilẹ́ẹ̀tì síwájú, oorun kò sì ní í kùn ún lóru ọjọ́ náà. Á dìde, á jókòó, á tún dìde. Ó ti di olókìkí, kò sì sinmi. Ohun tó ń wá kò ju kí ó jókòó lórí àga yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bú alágbára kan ní Bouaké, kí alágbára náà rẹ́rìn-ín, kí gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni òun. Ó gbà pé bí òun kò bá rí ìyẹn gbà, orí àga ẹlòmíràn lòun jókòó sí.

Ìyá rẹ̀, Mosúnmọ́lá, mọ ohun tó ń ṣe é.

"Bánjọ, ṣé o ò ní í jókòó jẹun ni? O ń rìn káàkiri bí adìẹ tó fẹ́ yé."

"Mò ń ronú ni, Màmá."

"Máa ronú. Àwọn Ìyá Àyànṣọlá ti wọ ọkọ̀ gba Ghana lọ. Wọ́n ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní iná kì í sábà wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ìwé."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́? N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

"Ta lo mọ̀ níbí? Ta ni èèyàn rẹ? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lónìí, ta ni yóò jáde?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ mí."

"Mi ò béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ ẹṣin. Mo ní ta ni èèyàn rẹ?"

"Sùlè."

Mosúnmọ́lá fi ṣíbí ro ọbẹ̀ títí. "Ẹnì kan," ló wí. "Ó dáa. Di í mú."

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, Sèfíyátù, obìnrin kan nínú ọgbà wọn tó ń ra adìẹ ní Botro wá tà, dé pẹ̀lú omijé. Adìẹ mọ́kànlá ló rà. Ní kọ̀rídọ̀ Droh, wọ́n gba mẹ́rin nínú rẹ̀. Jonas kọ yẹ̀yẹ́ kan lórí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Èyí tó dáa jù nínú gbogbo ohun tó ti kọ ni. Ó yẹ kó fi í sínú ti Sùlè, ṣùgbọ́n kò fi í síbẹ̀. Ó ká a, ó fi í sápò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbé e kiri.

Lẹ́yìn náà, Droh ránṣẹ́ pé òun fúnra òun ń bọ̀ lórí ètò lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Ó ní òun fẹ́ kí olówó òun wá bú òun lójúkojú. Ìlú kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàbá ìyàwó Sùlè kú ní Botro, Sùlè sì lọ síbẹ̀ fún ìsìnkú. Láago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó pe Jonas láti kábíìnì tẹlifóònù kan létí ọ̀nà.

"Jonas, wọ́n ti pa kọ̀rídọ̀ dé. Mi ò lè dé mọ́ lónìí."

"Droh ń bọ̀ láago mẹ́wàá!"

"Mo mọ̀. Bi í nípa ìyá rẹ̀, bi í nípa bọ́ọ̀lù, jẹ́ kó lọ sùn. Tèmi, fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé mi ò lè bá ọ jíṣẹ́ náà ni? Kí n ní ìwọ lo rán mi?"

Sùlè rẹ́rìn-ín. "Tukpè kì í ṣe lẹ́tà, Jonas. Ẹni tí wọ́n bí i mọ́ ló ń sọ ọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Má ṣe..." Tẹlifóònù já.

Jonas gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilé Mosúnmọ́lá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ní ilé yẹn, a-ránni-níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń ru ọ̀rọ̀ gbígbóná láti ẹnu ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onílé, sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. "Ìyá mi ní kí n sọ fún yín pé ojú ń tì yín." Kò sẹ́ni tó gbá a létí rí. Oníṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi gbogbo tí èèyàn bá ti ń rán èèyàn níṣẹ́.

Droh dé láago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú sójà mẹ́fà. Ó ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wo àpótí Sùlè tó ṣófo.

"Olówó mi ńkọ́?"

"Òkú àna rẹ̀ ló ń sin ní Botro, Kọ̀máńdà," Jonas dáhùn. "Àwọn èèyàn yín ti pa ọ̀nà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó rán mi sí yín."

"Ó rán ọ? Ó dáa, jíṣẹ́."

Kámẹ́rà tàn. Jonas fi ọwọ́ kan orí àpótí Sùlè. Ó ní, "Sùlè ní kí n kí ẹrú òun. Ó ní iṣu kejì yẹn ṣì ń dun ìdílé àwọn." Droh gbá orí itan rẹ̀. Àwọn sójà ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní kí n bi ẹrú òun léèrè: bó ṣe wà lórí tẹlifíṣàn yìí, ta ló ń ṣọ́ oko?" Droh rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Ìgbà náà ló yẹ kó béèrè nípa bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ti wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù ṣe ń wọ ara ẹni tó ti oko dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, yẹ̀yẹ́ tó pa alágbára lẹ́rìn-ín ti ẹnu tirẹ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ tọ́ àpò rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ sórí.

"Sùlè tún ní òun gbọ́ pé ní kọ̀rídọ̀ yín lọ́nà Botro, adìẹ pàápàá gbọ́dọ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Èyí tí kò bá ní, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, títí ọbẹ̀ á fi jinná."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, ó sì dá a dúró lójijì. Abdoul ni.

Eyín Droh ṣì wà lóde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó fi Dioula béèrè, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè:

"Ta ni ìwọ jẹ́ sí mi?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, Kọ̀máńdà."

"Mi ò béèrè ẹni tó rán ọ. Mo ní ta ni ìwọ jẹ́ sí mi?"

Jonas mọ ìdáhùn tó lè gbà á là. Kó ní Anago lásán ni òun, ọmọ oníkòkò, kó bú ara rẹ̀ bó ṣe máa ń bú u, kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ya ẹnu, ìdáhùn náà kò jáde. Èyí tó jáde ni: "Ọmọ Bouaké ni mí."

"Bouaké kì í ṣe ẹ̀yà," Droh wí. "Kò sí ẹni tí Bouaké ń bá ṣe tukpè." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó bọ Jonas lọ́wọ́ lójú kámẹ́rà, ó jáde. Abdoul sáré fi orin sí i.

"Jonas," Abdoul wí, "o ti pa wá."

Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, sójà méjì wá mú un nílé wọn ní Belleville. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ni wọ́n tì í mọ́, nínú kíláàsì tí ìṣirò tí ẹnì kan kò ṣe tán ṣì wà lójú pátákó. Ọkùnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, garawa kan ni gbogbo wọn ń lò. Wọn kò lù ú. Wọn kò sì bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, omi ife kan. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n mú ọkùnrin méjì jáde nínú wọn, àwọn méjèèjì kò padà. Jonas ń rìn láti ara ògiri dé ara ògiri, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, títí ẹni tó sùn sẹ́nu ọ̀nà fi ní, "Tonton, jọ̀ọ́, jókòó. Ìwọ lo máa ń pa wá lẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà náà. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn géètì, ìborùn rẹ̀ wà lọ́rùn. Droh jókòó sórí àga onírin. Sùlè ti dé. Erùpẹ̀ ọ̀nà Botro ṣì wà lára rẹ̀, obì mẹ́wàá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewé.

"Dìde lórí àga yẹn, ẹrú," Sùlè wí. "Olówó rẹ ń dúró, ìwọ ń jókòó?"

Àwọn sójà wo Droh. Droh dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Sùlè jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹni tí o tì mọ́lé yìí, tèmi ni."

"Báwo ló ṣe jẹ́ tìrẹ? Anago ni."

"Mo rà á. Ìdajì iṣu ni mo san. Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní ṣéńjì."

Ẹ̀rín ta lábẹ́ igi náà. Jonas náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rín in.

Droh na ìka kan sí Jonas. "Ọ̀rọ̀ adìẹ yẹn, olówó mi. Ìwọ lo rán an?"

Ojú Sùlè bọ́ sára ojú Jonas fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ adìẹ kankan rí kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

"Èmi ni," ó wí. "Ó jíṣẹ́ bí mo ṣe rán an. Bó bá dùn ọ́, èmi ni kí o mú."

Droh gba obì náà. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀bẹ̀, nítorí ẹni tó bẹ̀ òun kò ṣe é kọ̀. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa jókòó sórí àga yẹn. Ẹrú kì í gba orí àga kí olówó rẹ̀ gba orí àpótí. Mi ò fẹ́ rí ojú rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn mọ́."

Sùlè fi mobilẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sílé. Wọ́n dé Belleville. Ibẹ̀ ni Sùlè ti pa ẹ́ńjìnnì.

"Mi ò rán ọ ní ti adìẹ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í fi tirẹ̀ kún un. Ṣé ẹ kò ní ìyẹn lọ́dọ̀ yín ni? Wọ́n lè pa ọ́, Jonas. Wọ́n lè pa èmi náà pẹ̀lú obì lọ́wọ́."

"Mo ní mo mọ̀. O ṣeun."

"Má dúpẹ́. Kọ̀wé. Bó o ṣe ń kọ ọ́ náà, kí o máa kọ ọ́, èmi á sọ ọ́. Àwa méjèèjì ṣáà mọ ẹni tó ni ín. Mi ò lè ṣe é láìsí ìwọ, o mọ̀. Ká wulẹ̀ jẹ́ kí ìlú máa rẹ́rìn-ín."

Jonas gbà. Ó kọ ti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Ó kọ ti ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ó kọ ti ọjọ́ kìíní oṣù keje àti ti ọjọ́ kẹjọ. Ní gbogbo alẹ́ Ẹtì, láago mẹ́wàá, ó máa ń gbé ìwé náà lọ sí géètì ilé iṣẹ́, Sùlè á jáde wá gbà á, á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á wọlé. Jonas á padà wá wò ó nínú ọgbà tiwọn, níbi tí Sákínátù, obìnrin aláṣọ tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ti gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo èèyàn lè wò ó. Ẹ̀yìn ni Jonas ń dúró sí. Ó ń fẹnu sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí Sùlè tó sọ ọ́. Níbi tí Sùlè bá ti yára jù, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, Sákínátù rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ó yíjú sẹ́yìn, ó rí Jonas.

"Bánjọ, má bínú sí mi o, ọmọ mi. Ọmọ wa ni ọ́, a fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n Sùlè yìí jù ọ́ lọ. Àṣé òun ló ń fún ọ lọ́rọ̀ látijọ́ yìí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Jonas dáhùn. Mosúnmọ́lá wò ó láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Jonas kò sùn lóru ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀wé bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́fà ni, ó sì mọ̀ pé ó dáa. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ọdún 2005, ó gun mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dé òpin àdúgbò ilé iṣẹ́ náà. Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó rí Sùlè tó dúró ní géètì nínú ìmọ́lẹ̀, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì. Aago mẹ́wàá kọjá. Sùlè wo aago ọwọ́ rẹ̀. Jonas kò tan iná mobilẹ́ẹ̀tì. Ó yí i padà, ó tì í títí dé títì ńlá, kí wọ́n má baà gbọ́ ariwo rẹ̀, ó wá gùn ún lọ sílé.

Nígbà tó dé ọgbà, Sùlè ti wà lórí àga. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí ìlú. Ó ní, "Kọ̀máńdà, ẹrú mi," ó sì dákẹ́. Àwọn tó wà níwájú tẹlifíṣàn Sákínátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé bí yẹ̀yẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sùlè wo ẹ̀gbẹ́, síbi tí ilẹ̀kùn wà. Ó tún wo kámẹ́rà. Ó fọwọ́ nu itan.

"Ẹ ní sùúrù," ó wí. "Ó ń bọ̀. Kò já mi kulẹ̀ rí."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùlè tún wo ilẹ̀kùn. Nínú ọgbà, ẹnì kan béèrè pé, "Ta ló ń bọ̀?" Sùlè wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀, títí Abdoul fi fi orin sí i.

Mosúnmọ́lá dìde lórí àpótí tó jókòó sí. Ó wá bá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó rí ìwé tó yọ lápò rẹ̀.

"Kí ni o ṣe yìí, Bánjọ?"

Jonas ti ìwé náà wọ àpò.

"Ẹni tó jáde fún ọ nìyẹn o. Ẹnì kan tó jáde."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Jonas lọ sí yàrá tí Sùlè háyà ní Broukro. Ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù. Sùlè ń so ibùsùn mọ́ orí ọkọ̀ tó ń lọ sí Korhogo. Jonas kí i. Sùlè so okùn náà tán, ó fà á wò bóyá ó le, ó lọ so èkejì. Jonas dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni.

Abdoul fi fíìmù àtijọ́ rọ́pò ètò náà. Odidi ogún oṣù ni ètò náà lò. Kò padà wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀ ní Bouaké títí ogun fi parí. Jonas kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Korhogo, kò rí èsì kankan. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní nílùú náà, ó sì pàdánù rẹ̀.